Wákàtí Méje Dé Ọ̀dọ̀ Fọ́tò

Ẹtì, 2 Òkítóbà 1964. Erúnmu.

Tíkẹ́ẹ̀tì dé. Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láti Ìbàdàn. Básíkùlù ló gùn láti Adégbayì, ẹrẹ̀ bo gbogbo ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Fọ́tò, ọkọ mi, ni Dàpọ̀, wọ́n jọ kàwé, ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ní Dùgbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ni n óò wọ bàálù ní Ìkẹjà. Mo bi í pé ìrìn ọjọ́ mélòó ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹ̀? Wákàtí méje ni, àti ìdúró díẹ̀ tí wọ́n máa dúró ní Kánò. Ó ní tí mo bá mu ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ìkẹjà, Láyí ló máa bu oúnjẹ alẹ́ fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù.

Wákàtí méje. Ọdún méjì gbáko ni mo ti fi jẹ́ ìyàwó fọ́tò.

Kí n tún un kọ, kí n tún bínú sí i. Lọ́jọ́ ìdána, àga méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá mi ní Adégbayì. Mo jókòó sí ọ̀kan. Fọ́tò Láyí Akínwándé jókòó sí èkejì — nínú férémù, ó wọ kóòtù, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e lé itan. Mo gbé e. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ti rí ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú títì! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Fọ́tò, nínú ìwé yìí nìkan ṣá o. Àti láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ilé ìyá rẹ̀ ní Erúnmu níbí, mò ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ lówùúrọ̀, mò ń yan gàrí wọn nírọ̀lẹ́.

Ó ti tán báyìí. Mò ń lọ.

Àìkú, 4 Òkítóbà.

Mo sọ fún Ọ̀gá Àgbà. (Ìyá Láyí ni. Lójú wọn, "Ìyá wa" ni mò ń pè wọ́n.) Wọ́n ń jọ̀ gàrí. Wọ́n ní: "Ó dáa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò dúró, wọn ò gbójú sókè, ajọ̀ ò sinmi lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni pé mo ní mò ń lọ pọn omi.

Ìṣẹ́gun, 6 Òkítóbà.

Jógíráfì pẹ̀lú kíláàsì karùn-ún. Mo ta òwú láti Lọ́ńdọ̀nù dé Ìbàdàn lórí máàpù, mo wọ̀n ọ́n. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. A ṣírò rẹ̀ papọ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì ó lé díẹ̀. Mùjíbátù, tí kì í la ẹnu nínú kíláàsì, nawọ́. Ó ní: "Tíṣà, ṣé ẹ máa padà wá?" Mo ní màá padà wá. Mo ní kí wọ́n kó ìwé wọn sílẹ̀.

Nílé, nídìí iná, Ọ̀gá Àgbà náà bèèrè. Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó? Mo sọ iye máìlì. Wọ́n ní àwọn ò mọ máìlì. Mo ní tí èèyàn bá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ibí dé Ṣáṣá, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, yóò lé ní oṣù mẹ́ta kó tó rìn ín tán. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní: "Bàálù wá ń ṣe é ní wákàtí méje?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní: "Bó bá yá tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń dá ọmọ mi dúró láti ọdún mẹ́fà?"

Kí ni n bá sọ? Ọkọ̀ ojú omi ló bá lọ ní 1958, ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, nígbà náà ó ní àwáwí. Báyìí àwáwí ti kéré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni kí wọ́n bi. Èmi náà ní ìbéèrè tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 8 Òkítóbà.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ní òtútù Lọ́ńdọ̀nù a máa bu èèyàn lẹ́sẹ̀ jẹ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti débẹ̀ rí. (Ọmọ́ṣọlá ni, àbúrò Fọ́tò. Wọ́n bí i kí n tó wọ ilé yìí, nítorí náà mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ló bá mi yọ̀.)

Àìkú, 11 Òkítóbà.

Kí ló gbé mi débẹ̀?

Ọ̀gá Àgbà ní kí n bá àwọn lọ sí ìjọ Séráfù wọn, kí wọ́n fi àdúrà ìrìn-àjò sìn mí. Mo kọ́kọ́ ní mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Wọ́n ní Sọ́ńdè kan ṣoṣo. Mo lọ. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ láàrin àwọn aláṣọ funfun. Nígbà tó yá, ẹ̀mí gbé Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, aríran wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn rí obìnrin kan tó ń gòkè lọ nínú àwọsánmà. Àwọn dúró títí, àwọn ò rí i kó sọ̀kalẹ̀.

Gbogbo ìjọ kígbe hàlẹ̀lúyà. Ọ̀gá Àgbà di orí mú.

Àṣẹ tó tẹ̀lé e: ọjọ́ mọ́kànlélógún nínú ilé àdúrà, láti ọ̀la lọ, pẹ̀lú àwẹ̀. Mo ń kà á lórí ìka lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Sátidé tèmi bọ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Áńgẹ́lì tó mọ kàlẹ́ńdà tó báyìí, ó yẹ kó wá bá hẹdimásítà wa to iṣẹ́ sáà tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 14 Òkítóbà.

Wọ́n gbà kí n máa jáde lọ kọ́ ọmọ. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ mo yà sí Adégbayì láìsọ fún wọn.

Kátíkísì ni Bàbá mi, ó ti pé ogún ọdún. Wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní ìjọ wa kọ́ ni Séráfù, ìran wọn ò dè mí. Ara mi fúyẹ́. Wọ́n tún wá ní: "Ṣùgbọ́n ìyàwó wọn ni ọ́ báyìí. Bí o bá lọ láìgba àṣẹ ìyá ọkọ rẹ, tí nǹkan sì wá ṣe ọkọ̀ yẹn, ta ni yóò gbà wá lọ́wọ́ wọn?"

Mo ní: "Ẹ̀yin náà gba ìran yẹn gbọ́ nìyẹn."

Wọ́n ní: "Mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Kátíkísì ogún ọdún. Mo dìde, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, 17 Òkítóbà.

Dàpọ̀ dé. Ó ní kò sí ìgbà tí òun gbọ́ pé bàálù ìlà yẹn já, àti pé kì í dúró de ẹni tó ń gbààwẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ òun máa dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ní oríta, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde. Kí n gbé báàgì kan ṣoṣo. Tó bá di Sátidé mo ti wà lókè, kí wọ́n máa gba ààwẹ̀ wọn lọ. Mo ní màá wá. Mo fẹ́ lọ. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ lọ.

Ọ̀gá Àgbà ń gbé ẹ̀gẹ́ wá bá mi nínú ọgbà ilé àdúrà kí n máa bẹ ẹ́. Áńgẹ́lì ò dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ tiwọn.

Ẹtì, 23 Òkítóbà.

Dàpọ̀ dúró ní oríta títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mi ò lọ. Ojo ni mí.

Àbámẹ́ta, 24 Òkítóbà.

Òjò. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ní kí n máa ka Sáàmù. Mò ń ka Sáàmù lẹ́nu, ọkọ̀ ni mò ń bá rìn lọ́kàn. Báyìí wọ́n ti gbéra. Báyìí wọ́n ti dé Kánò. Báyìí wọ́n wà lórí aṣálẹ̀ tí mo ń kọ́ ọmọ nípa rẹ̀ lọ́dọọdún, tí mi ò rí rí. Báyìí òkun. Nígbà tí wọ́n fún mi ní omi àdúrà àti àkàrà pé kí n fi ṣínu, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Fọ́tò dúró níbì kan tí mi ò mọ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, èèyàn ń jáde, wọ́n ń jáde tán.

Mo sunkún. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin.

Ajé, 26 Òkítóbà.

Dàpọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń bínú sí mi, ó sì ń gbìyànjú kó má hàn. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, orí ò fọ́ ẹnì kankan. Láyí ti tẹ wáyà: ìyàwó òun ò sí nínú rẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀? Dàpọ̀ bi mí pé kí ni kí òun fi ránṣẹ́ padà. Mo ní kó fi ránṣẹ́ pé ara mi ò yá. Ara mi dá ṣáká. Ó ní wọ́n ṣì lè sún tíkẹ́ẹ̀tì náà síwájú lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn ìyẹn ó di bébà lásán.

Ìṣẹ́gun, 27 Òkítóbà.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ lónìí.

Èmi àti Ọ̀gá Àgbà nìkan la wà nídìí ẹ̀gẹ́. Mo ní: "Ìyá wa, ọkọ̀ yẹn gúnlẹ̀ o." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo ní: "Kò já." Wọ́n ní: "Ta ló sọ pé yóò já?" Mo ní ìran ni. Wọ́n ní ìran ní mo gòkè, mi ò sọ̀kalẹ̀. Ìran ò ní mo kú.

Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Wọ́n ní kí n ka àwọn ọmọ àdúgbò tó lọ ìlú òyìnbó fún àwọn. Jùbrílù ilé ìsàlẹ̀ — ìyàwó rẹ̀ bá a lọ, ọdún kẹsàn-án nìyí. Ọlọ́runṣògo — ìyàwó rẹ̀ bá a lọ, baba rẹ̀ kú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló sin baba. Kí n wá ka àwọn tó fi ìyàwó sílé. Mo kà wọ́n lọ́kàn. Gbogbo wọn ti dé. Ọ̀kan tilẹ̀ ń ṣe dókítà ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́.

Wọ́n ní: "Kì í ṣe ìyàwó ni mo wá fún Láyí. Ó lè rí ìyàwó fẹ́ níbẹ̀. Ohun tí yóò mú un wálé ni mo wá. Ìwọ ni. Níwọ̀n ìgbà tí o bá wà nílé mi, kò ní sùn kí oorun gbé e lọ níbẹ̀."

Wọn ò pariwo. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ibi tó tọ́jú owó sí.

Mo bi wọ́n bóyá Ìyá Gbọ́njúbọ́lá mọ̀ sí i. Wọ́n ní ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn ni àwọn gbé lọ bá a kó fi gbàdúrà. Ohun tó rí, òun ló rí i. Mo gbà wọ́n gbọ́, ìyẹn ló tilẹ̀ tún bí mi nínú jù.

Okùn ni mí nígbà náà. Wọ́n so mí mọ́ igi ní Erúnmu, wọ́n ń retí kí ẹni tó wà ní orí kejì rẹ̀ rìn bọ̀. Bàbá mi gba ẹrù ìdána. Ìjọ wa pàtẹ́wọ́. Fọ́tò rán àwòrán ara rẹ̀ nínú kóòtù wá. Ta ló bi okùn?

Ọjọ́rú, 28 Òkítóbà.

Mo yan gàrí wọn jóná. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ẹtì, 30 Òkítóbà.

Mi ò lè kórìíra wọn tó bí mo ṣe fẹ́. Lánàá wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ wá, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọn ò bẹ ẹ́. Wọ́n kàn jókòó. Ẹni ọgọ́ta ọdún, ọmọ ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù fún wọn nínú mẹ́rin. Mo bẹ ẹ̀gẹ́ náà tán fúnra mi.

Àìkú, 1 Nòfẹ́ńbà.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé.

Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Àgbà. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti àná. Mo ní: "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n lọ, èmi ni n óò mú un wá. Ìyàwó tó wà ní Erúnmu, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń rántí rẹ̀, nígbà tó bá ń kọ lẹ́tà. Èyí tó bá ń se oúnjẹ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa gbọ́ ọ létí."

Wọ́n wò mí. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wá irọ́ lójú mi. Irọ́ ò sí níbẹ̀. Mo gba ohun tí mo ń sọ gbọ́.

Wọ́n ní: "Wàá búra?" Mo ní màá búra.

Wọ́n mú mi dé iwájú pẹpẹ lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Gbọ́njúbọ́lá tan àbẹ́là, wọ́n gbé Bíbélì lé mi ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ọ̀gá Àgbà ń sọ ọ́, mò ń tẹ̀lé e: kí ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta tó kọjá, èmi Títíladé yóò mú Láyí ọmọ Àbíkẹ́ padà wá sí Erúnmu. Mo rò pé ó parí. Wọ́n ní ó ku díẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ pé: bí mi ò bá mú un wá, kí èmi náà má wá.

Mo rántí Bàbá mi pẹ̀lú awò ojú wọn lọ́wọ́. Mo sọ ọ́.

Wọ́n fà mí dìde, wọ́n dì mọ́ mi. Láti ọdún méjì, wọn ò dì mọ́ mi rí. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi pé ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, 5 Nòfẹ́ńbà.

Dàpọ̀ ti sún tíkẹ́ẹ̀tì sí Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún. Ó ti tẹ wáyà sí Láyí.

Bàbá mi ti gbọ́ nípa ìbúra. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ọmọ kátíkísì kì í lọ búra níwájú pẹpẹ àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ kátíkísì kì í sì í gbé fọ́tò lé itan, àwọn fúnra wọn ló sì jẹ́ kí n gbé e. Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Mi ò tọrọ rẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Àbámẹ́ta, 14 Nòfẹ́ńbà.

Ẹrù. Gàrí tó gbẹ tí ń dún. Ata gígún. Irú tí wọ́n sá lóòrùn títí kò fi rùn mọ́ — wọ́n ní kò rùn mọ́. Mo ní bàálù ò lè gba gbogbo èyí. Ọ̀gá Àgbà ní bó bá lè gba èmi, á gba gàrí.

Wọ́n ń kọ́ mi ní ọmọ wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Kì í jẹ ẹja elégungun. Tó bá ń dákẹ́, ebi ni, kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń fi sùn. Mo ní ọdún mẹ́fà ti kọjá, ó lè ti fi ọ̀tún sùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà omi náà ò dúró.

Ẹ̀yìn Kérésì ni Ìdílẹ̀kẹ̀ ń lọ ilé ọkọ ní Ṣáṣá. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gá Àgbà nìkan ni yóò kù nínú ilé yìí.

Àìkú, 15 Nòfẹ́ńbà.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adégbayì. Bàbá mi ló ka ẹ̀kọ́ Bíbélì. Lẹ́yìn ìsìn wọ́n fún mi ní ìwé orin wọn, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà tí mo gbọ́njú. Wọ́n ní kí n máa kọrin níbẹ̀. Nígbà náà ni mo tọrọ àforíjì.

Ẹtì, 20 Nòfẹ́ńbà. Agége.

Kí iṣẹ́ ojúmọ́ tó bẹ̀rẹ̀ la ti kúrò nílé, èmi àti Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn sìn mí. Bọ́lẹ̀kájà kan dé Ìbàdàn, òmíràn gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Táyà fọ́. Kò sí sípéà. Awakọ̀ rìn lọ wá òmíràn, a jókòó sábẹ́ igi, ó pẹ́ títí. Ọkọ̀ tún rìn, ó tún dúró, omi ti tán nínú ẹ́ńjìnnì. Ìrọ̀lẹ́ la tó wọ Agége, ilé ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀. Gbogbo ara ń ro wá.

Ọ̀gá Àgbà tẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ wọ́ orúnkún. Wọ́n ní: "Lọ́ńdọ̀nù sún mọ́ Èkó ju Erúnmu lọ nígbà náà."

Mo ní ó jọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 21 Nòfẹ́ńbà. Inú bàálù.

A ti kúrò ní Kánò. Mo ń kọ ọ́ lórí pákó kékeré tó ń yọ láti ẹ̀yìn ìjókòó iwájú.

Ọ̀gá Àgbà wọ aṣọ funfun ìjọ wọn wá sí Ìkẹjà, láìwọ bàtà. Àwọn tó wọ kóòtù ń wò wọ́n. Ojú ì bá ti tì mí nígbà kan. Lónìí mo wo àwọn oníkóòtù náà padà títí wọ́n fi gbé ojú kúrò. Nígbà tí wọ́n pè wá, mo kúnlẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa gbàdúrà. Wọn ò gbàdúrà. Wọ́n ní: "Títí, o rántí ohun tí o sọ." Mo ní mo rántí. Wọ́n ní: "Mo fẹ́ràn rẹ náà o. Kì í ṣe torí tirẹ̀ nìkan."

Mo gun àtẹ̀gùn. Mo bojú wẹ̀yìn. Aṣọ funfun yẹn nìkan ni mo lè dá mọ̀ láàrin èrò.

Aṣálẹ̀ ni mò ń wò báyìí. Ó pupa, kò ní ìparí. Mi ò bẹ̀rù rárá. Wọ́n gbé ẹran aláìláta wá, mo jẹ ẹ́ tán. Mò ń ro bí n óò ṣe bá a sọ ọ́. N ò ní sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Màá kọ́kọ́ jẹ́ kó jẹ gàrí.

Ajé, 23 Nòfẹ́ńbà. Lọ́ńdọ̀nù.

Ó wá pàdé mi. Kò jọ fọ́tò. Ó ti sanra díẹ̀, irun iwájú orí rẹ̀ ti ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. Mo kúnlẹ̀ láàrin àwọn òyìnbó, ó sáré fà mí dìde, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Mo pè é ní ẹ. Ó ní kí n má pe òun ní ẹ, pé kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Yàrá kan ni, ó gbóná, ó mọ́. Ó ti ra bàtà òtútù sílẹ̀ fún mi, ó sì bá ẹsẹ̀ mi mu. Èèyàn dáadáa ni. Mò ń kọ ọ́ síbí torí òótọ́ ni, àti torí pé ì bá rọrùn fún mi jù ká ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè pa á mọ́ra tó bí mo ṣe rò. Ọ̀sán àná, lẹ́yìn gàrí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìran náà. Ilé àdúrà. Ohun tí màmá rẹ̀ sọ nídìí ẹ̀gẹ́. Ìbúra mi, ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta. Mi ò sọ ìparí ìbúra náà fún un. Mo ní kó jẹ́ ká dá ìgbà tí a máa padà.

Ó dákẹ́. Mo rántí pé ebi ni, ṣùgbọ́n ó ti yó.

Ó ní òun ti parí ẹ̀kọ́ láti ọdún tó kọjá. Ó ní iṣẹ́ òun dára, wọ́n sì ti ní kí òun dúró. Ó ní ní tòdodo, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà wálé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí èmi ni. Ojú ń ti òun. Òun fi ọmọ ọlọ́mọ sílé pẹ̀lú fọ́tò, kò jẹ́ kí òun lè jókòó kí ara òun balẹ̀ níbí. Ìdí nìyẹn tí òun fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní: "Ìwọ nìkan ló kù tó ń fà mí sílé. O ti dé báyìí, Títí. Ọkàn mi ti balẹ̀."

Mo ní: "Ìyá wa ńkọ́?"

Ó ní wọ́n ní ìjọ wọn. Wọ́n ní Ọmọ́ṣọlá. Ó ní bàálù wà, wákàtí méje péré ni, a lè lọ kí wọn nígbàkígbà tó bá wù wá.

Kò mọ̀ pé Ọmọ́ṣọlá ń lọ ilé ọkọ. Mi ò sọ fún un. Mo kó abọ́, mo fọ̀ wọ́n. Omi gbígbóná ń jáde lára ògiri, mo jẹ́ kó máa dà sí mi lọ́wọ́ títí ó fi ń jó mi.

Ó ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí Erúnmu, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni yóò kà á fún wọn. Mo kọ ọ́ pé mo dé láyọ̀. Mo kọ ọ́ pé gàrí náà dé, pé Láyí jẹ ẹ́, ó sì ní kò sí irú rẹ̀ níbí. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ló ṣì ń fi sùn. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Mo dá kálàmù dúró. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé Láyí ní kí n sọ fún wọn pé a ń bọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo lẹ̀ ẹ́, mo kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀.